Afiwé àti Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Méjì

Àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé mò ń bà á lórúkọ jẹ́. Ọmú kan náà la mu. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n, èmi ni mo nu imú ẹ̀. Tí mo bá wá fẹ́ bú u, ta ló máa mú mi? Afiwé là ń pè é nílé, Afiwé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, kódà onígbàjámọ̀ tó ń gẹrun fún un ò mọ orúkọ mìíràn tó ń jẹ́. Akọ̀wé ni níléeṣẹ́ omi. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wo nọ́ńbà tó wà lára mítà oníbàárà lóṣù yìí, kó fi wé ti oṣù tó kọjá, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ti ń ṣe é láti ọdún mọ́kàndínlógún. Níléeṣẹ́ omi, iṣẹ́ gidi ni. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó ń gbé e wálé.

Ó ní ìwé kan tí kì í fi sílẹ̀, ìwé ẹlẹ́yìn dúdú tó nípọn. Ohunkóhun tó bá fẹ́ rà, á fi rúlà fa ìlà sáàárín ojú ìwé, á kọ ọ̀kan sápá ọ̀tún, á kọ èkejì sápá òsì. Lọ́dún tí bẹ́ẹ̀dì wọn ṣẹ́, oṣù mẹ́rin gbáko lòun àti ìyàwó ẹ̀ fi sùn sórí ilẹ̀, torí pé Afiwé ń fi bẹ́ẹ̀dì méjì wéra. Nígbà tó máa fi mọ èyí tó dáa, ṣọ́ọ̀bù yẹn ti kógbá sílé. Ó fi bàtà méjì wéra títí wọ́n fi ta méjèèjì mọ́ ọn lójú. Ìyàwó gan-an, ẹ forí jì mí, ìyàwó gan-an, ó kọ ọ́ sínú ìwé! Ojú mi yìí ló rí i. Obìnrin méjì, ìlà láàárín. Ọ̀kan ga, ọ̀kan ò ga. Ọ̀kan máa ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan máa ń dákẹ́. Ibi tó ti ń fi wọ́n wéra lọ́wọ́ lèyí tó ga ti lọ sílé ọkọ, ló bá fẹ́ èyí tó kù. Orí ló bá a ṣe é, kì í ṣe ìwé, torí èyí tó kù yẹn, èèyàn gidi ni.

Ìyàwó mi ni mò ń pè é. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni lóòótọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fi kọ̀ǹpútà ya ilé tí wọn ò tíì kọ́. Àwọn tó ń ya pílánì á fún un ní ìlà lásán, òun á sọ ọ́ di yàrá téèyàn á fẹ́ wọ̀, pẹ̀lú fèrèsé, pẹ̀lú iná, pẹ̀lú òjìji àga lórí ilẹ̀. Tó bá tò ó tán, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló máa wá ṣírò bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń bọ́ sára nǹkan kọ̀ọ̀kan, kó tó gbé e jáde bíi fọ́tò. Ìṣírò yẹn ló máa ń pẹ́. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ ẹ̀ sì ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Tó bá bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ títí di ìrọ̀lẹ́, á wá pa ara ẹ̀ láìparí iṣẹ́.

Iléeṣẹ́ àwọn ayàwòrán-ilé kan wà láàárín ìgboro tó ń wá ẹni tó máa bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ tó dúró, tó ní àga àti tábìlì tiẹ̀. Wọ́n yẹ èèyàn wò títí ó fi ku obìnrin mẹ́ta, ìyàwó mi sì wà nínú wọn. Wọ́n fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní pílánì kan náà. Wọ́n ní fọ́tò tó bá dáa jù nínú èyí tó bá dé ọwọ́ àwọn kí aago méjìlá ọ̀sán Tọ́sìdeè tó lù, ẹni tó ni ín ló gba iṣẹ́. Èyí tó bá pẹ́, àwọn ò ní wò ó. Ọdún mẹ́fà lobìnrin yìí ti fi ń ṣe iṣẹ́ fún àwọn tó máa ń dá a padà ní ìgbà mẹ́wàá láì dúpẹ́. Ó fẹ́ àga yẹn débi pé oúnjẹ ò lọ lẹ́nu ẹ̀ mọ́.

Ẹ má sọ pé kí ló dé tí kò ra kọ̀ǹpútà tuntun. Ohun tó máa fi rà á wà nílẹ̀, òun ló fọwọ́ ara ẹ̀ kó o jọ. Ọkọ ẹ̀ ló ní kó má kánjú, kó jẹ́ kóun kọ́kọ́ fi wé. Oṣù mẹ́ta ti kọjá lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú Tọ́sìdeè yẹn, mo lọ bá a nílé. Ó jókòó sí pálọ̀, awò lójú, ìwé lórí itan.

"Èwo lo ti mú?" mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò rọrùn bẹ́ẹ̀ o. Ẹ wò ó."

Ó na ìwé sí mi. Apá ọ̀tún, kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, pẹlẹbẹ, tó rẹwà. Apá òsì, àpótí ńlá kan tó ń jókòó sábẹ́ tábìlì, èyí tí wọ́n ń ṣe fáwọn tó ní iṣẹ́ tó wúwo, tí wọ́n ń pè ní wọkisitéṣàn. Kì í tiẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà méjèèjì ló ń fi wéra o, púrósẹ́sọ̀ inú wọn ni, ohun tí gbogbo ayé ń pè ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà.

"Ti alágbèéká yìí, nọ́ńbà eré ẹ̀ ga ju ti àpótí lọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọpọlọ kéékèèké mẹ́jọ ló wà nínú tiẹ̀, mẹ́rìndínlógún wà nínú ti àpótí. Tí mo bá ní kí n mú àpótí, alágbèéká kì í jẹ iná. Tí mo bá ní kí n mú alágbèéká, àpótí…"

"Èwo nínú wọn ló máa ṣe iṣẹ́ ìyàwó ẹ?"

"Ìyẹn náà ni mò ń fi wé, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Kí lòun fúnra ẹ̀ sọ?"

Ó gbójú sókè, ó wò mí bíi pé mo béèrè ohun tí àga tó jókòó lé sọ. "Kò mọ nǹkan kan nípa púrósẹ́sọ̀," ó ní. "Òun kàn ń lò ó ni."

Ṣìọ̀! Òun kàn ń lò ó ni! Ẹ bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àgbàlagbà! Mo ní kó máa fi wé lọ, kó fi wé títí eyín á fi ká tán lẹ́nu ẹ̀. Mo gbé báàgì mi, mi ò mu omi wọn.

Ní Tọ́sìdeè, aago méje àárọ̀ ò tíì lù, mò ń gbálẹ̀ iwájú ilé mi nígbà tí mo rí ìyàwó mi tó ń bọ̀. Ojú ẹ̀ ti wú.

"Àǹtí, kọ̀ǹpútà mi ti kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa ara ẹ̀ lánàá. Láàárọ̀ yìí, kò tàn mọ́ rárá."

"Iṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

"Mo ti tò ó tán. Ó wà nínú fláàṣì. Ìṣírò tó kẹ́yìn nìkan ló kù, mi ò sì rí ibi tí mo máa ti ṣe é."

"Ọkọ ẹ ńkọ́?"

"Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n ní tó bá di ọ̀sán, àwọn á sọ èyí tá a máa rà fún mi."

Ọ̀sán! Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò rí ọmọ kankan tó dúró de ọ̀sán torí pé bàbá ẹ̀ ń wo ìwé. Mo ní, "Wẹ ojú ẹ. Mú fláàṣì yẹn dání. À ń lọ."

Ṣọ́ọ̀bù tí Afiwé máa ń lọ la lọ. Ọkùnrin tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni. Bó ṣe gbọ́ ẹni tá a jẹ́, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó Ọ̀gá Afiwé! Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ kú àárọ̀ mà. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá lọ̀gá ti wá síbí o! Wọ́n á ka ohun tó wà lára páálí, wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á kí wa, wọ́n á lọ. Wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí."

Ojú tì mí bíi pé èmi ni mo wá lẹ́ẹ̀mọkànlá. Ọkùnrin náà wá yíjú sí ìyàwó mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Omi kún ojú ìyàwó mi. Mo rò pé ara ẹ̀ ò yá, mo fẹ́ dì í mú. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ìmọ́lẹ̀, ó sọ ti òjìji, ó sọ bí ìṣírò náà ṣe máa ń gùn tó, ibi tó ti máa ń há, ohun tó ti gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ tó sọ níwájú oníṣọ́ọ̀bù yẹn ju èyí tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ láti ọdún mẹ́jọ tó ti wọlé wa. Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, torí mi ò lè máa bú àbúrò mi kí n fi ara mi sílẹ̀: èmi náà ò bi í rí. Àwòrán lásán ni mo rò pé ó ń yà, bíi tàwọn ọmọ iléèwé. Agbẹ̀bí àgbà! Mo máa ń bi obìnrin tí mi ò mọ̀ rí léèrè ibi tó ń dùn ún, mi ò bi ti inú ilé wa.

Oníṣọ́ọ̀bù ní, "Ẹ fi ti páálí sílẹ̀, mà. Ẹ jẹ́ ká gbé iṣẹ́ yín gan-an fún àwọn méjèèjì."

Ó gbé alágbèéká àti àpótí sórí tábìlì kan náà, ó so ojú kan tó dà bíi tẹlifíṣọ̀n mọ́ àpótí, ó gbé iṣẹ́ ìyàwó mi sínú wọn, aago mẹ́sàn-án sì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tó tẹ̀ wọ́n. Nọ́ńbà kan wà lójú kálukú wọn tó ń gòkè, tó bá dé ọgọ́rùn-ún, iṣẹ́ parí. Hàáà, ẹ ò bá rí alágbèéká! Ó sáré bíi pé wọ́n ń lé e. Kí àpótí tó dé mẹ́rin, ó ti lé ní méje. Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Ìyàwó mi ní tiẹ̀, ọwọ́ ló fi lé e lára.

"Àǹtí, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Fáànù inú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nọ́ńbà ojú ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Kò tó ìdajì wákàtí tí àpótí fi bá a, tó sì kọjá ẹ̀ láì pariwo. Oníṣọ́ọ̀bù ní nọ́ńbà ńlá tó wà lára páálí alágbèéká, eré ẹ̀ nìyẹn nígbà tára ẹ̀ ṣì tutù. Ara ẹ̀ tín-ínrín, ooru ò ríbi gbà jáde, tó bá ti gbóná, òun fúnra ẹ̀ á dín eré kù kó má bàa jóná. Àpótí ní àyè nínú, bó ṣe ń rìn láàárọ̀ náà ló máa ń rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi kíá. Mo ti rí obìnrin tó lo gbogbo agbára ẹ̀ nígbà tí ọmọ ò tíì sún mọ́ ojú ara, tó wá di ìgbà tá a nílò agbára yẹn, kò sí mọ́.

A jókòó, à ń wo aago. Díẹ̀díẹ̀ ni fọ́tò náà ń jáde lójú àpótí. Ògiri kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà ni fèrèsé, lẹ́yìn náà ni ibùsùn kan tí mo dá mọ̀. Yàrá ìgbẹ̀bí ni! Bàsíà omi wà níbi tọ́wọ́ á ti tó o, iná sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibùsùn, síbi tí ọwọ́ agbẹ̀bí máa wà gan-an.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ibẹ̀ niná ń gbé?" mo bi í.

"Ẹ̀yin ni. Ẹ sọ nígbà kan pé iná kì í tó yín."

Mi ò rántí pé mo sọ ọ́. Mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí ojú mi.

Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógún ni àpótí parí. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni alágbèéká wà, ó ń hu bí ẹni tí inú ń run. Ìyàwó mi tọ́jú fọ́tò náà sínú fláàṣì ẹ̀ tó wà lára àpótí, ó fi ímeèlì fi í ránṣẹ́, wọ́n sì dá a lóhùn pé ó ti dé ọwọ́ àwọn. Aago méjìlá lù. Nígbà tó kọjá ogún ìṣẹ́jú, fóònù ẹ̀ dún, ó sáré jáde lọ gbé e lẹ́nu ọ̀nà.

Ìgbà yẹn gan-an ni Afiwé já wọlé. Ó ti gba àkókò oúnjẹ ọ̀sán níbi iṣẹ́, ó ń làágùn, ó gbé ìwé ẹ̀ mọ́ àyà. Kò tiẹ̀ kíyè sí ìyàwó ẹ̀ tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin náà wà níbí? Mo ti mọ̀ ọ́n! Àpótí ni! Nọ́ńbà alágbèéká yẹn kì í dúró!"

Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ. Oṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mọkànlá, ìwé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó wá mú ohun tí àwa fi ìdajì wákàtí rí wá fún wa, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó. Èébú pọ̀ lẹ́nu mi débi pé mi ò mọ èyí tí mo máa kọ́kọ́ mú.

Ló bá rí ojú àpótí. Ó sún mọ́ ọn, ó yọ awò, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ẹ wo bó ṣe mọ́! Ẹ wo iná yẹn! Ṣé ẹ ò rí i pé púrósẹ́sọ̀ tó dáa dáa?" Ó ṣí ìwé, ó yọ bírò, ó wo oníṣọ́ọ̀bù. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ya èyí?"

Oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín, ó wò wá, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ìyàwó mi ti wọlé, ó dúró sẹ́yìn ọkọ ẹ̀, fóònù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó rọra na ọwọ́ kọjá èjìká ẹ̀, ó yọ fláàṣì ẹ̀ lára àpótí, fọ́tò náà sì pòórá.

"Èmi ni," ó ní. "Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Mọ́ńdè."