Ìyá tí Mo Kọ Mọ́ Àwọn Òkú

Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn bébà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ara mi máa ń ta gìrì. Irú bébà bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi, tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní ọjọ́ Ìsinmi tí mo dúró níwájú ìjọ wa ní Moss Side, nílùú òyìnbó, tí mo sì kéde ikú ẹni tí kò kú.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè àlùfáà nígbà náà, kò sì sí ohun tí mo rò pé mi ò mọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń kó páálí ní warehouse, ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Trafford Park, èyí tó kù ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n ti kọ́ wa nípa bàbá àlùfáà kan láyé àtijọ́, nígbà tí ẹ̀sìn Kristi ṣì kéré, tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn ẹni mímọ́ sílẹ̀ kí wọ́n má baà di ẹni ìgbàgbé. Púpọ̀ nínú wọn ni kò fojú kàn rí. Ohun tí àwọn èèyàn sọ fún un ló kọ. Bàbá yẹn wọ̀ mí lọ́kàn púpọ̀. Nígbà tí àlùfáà àgbà wa wá ní kí n kọ ìtàn àwọn tó dá ìjọ wa sílẹ̀, ká lè kà á ní Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, ṣe ni mo lọ ra ìwé tuntun. Ó ní kí n mú un wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò tí mo bá kọ ọ́ tán. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mi ò sì mú un lọ.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ ṣòro jù ni ìyá nọ́ọ̀sì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìjọ ní pálọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí mo bá bi, á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́, á sọ bí ìyá ṣe ń se ìrẹsì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lẹ́nì kan, lẹ́yìn náà á mí kanlẹ̀, á wolẹ̀, á yí ọ̀rọ̀ padà. Bàbá Ìjọ, ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, tiẹ̀ yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Èèyàn dáadáa ni. Jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ọmọdé kì í bi àgbà pé ṣé lágbájá ti kú ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Tèmi náà di odindi, odindi irọ́ ni. Mo kọ ọ́ pé ìyá ti sùn nínú Olúwa, pé oníwà pẹ̀lẹ́ ni, tí kò gbóhùn sókè sí ẹnikẹ́ni rí.

Bí mo ṣe kà á débẹ̀, gbogbo ìjọ dákẹ́. Mo rò pé ẹ̀dùn ọkàn ni, mo tún wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ìgbà náà ni arábìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ care, tó ń lọ tọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ní Salford, dìde láàárín èrò. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú o, sà. Mo fún Mama ní tíì láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ṣúgà rẹ̀ kò tó."

Mi ò mọ bí mo ṣe parí ìsìn. Ẹ̀rù bà mí gan-an. A kì í fi ikú ṣeré lọ́dọ̀ wa. Orúkọ alààyè tí wọ́n pè mọ́ ti òkú, èpè ni lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ẹnu àlùfáà ló sì ti jáde. Tí nǹkan kan bá ṣe ìyá yẹn lọ́sẹ̀ náà ńkọ́? Mo sọ fún àlùfáà àgbà pé mo ṣetán láti bọ́ ẹ̀wù oyè sílẹ̀. Ó ní, "Kọ́kọ́ wọ kóòtù ná. A ń lọ bẹ̀ wọ́n."

Bàbá Ìjọ tẹ̀lé wa. Inú ọkọ̀ ló ti jẹ́wọ́. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, wọ́n kó ìjọ kúrò ní pálọ̀ ìyá lọ sí gbọ̀ngàn láì sọ fún un. Ó bínú kúrò láàárín wọn, ojú sì ń tì wọ́n láti lọ kí i. Ìtìjú ni wọ́n ń mí kanlẹ̀ lé lórí, èmi pè é ní ọ̀fọ̀.

A bá ìyá lórí àga lẹ́bàá fèrèsé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kò ní kí n dìde. Ó ní, "Kà á."

"Mà?"

"Ìtàn mi. Òkú kì í gbọ́ tirẹ̀. Èmi ráyè gbọ́."

Mo kà á níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí. Nígbà tí mo dé ibi tí kò gbóhùn sókè rí, ìyá gbọ́wọ́ sókè. "Dúró ńbẹ̀. Bi bàbá yìí, ta ló fi ìgbálẹ̀ lé e jáde ní pálọ̀ mi nítorí pé ó pẹ́ dé síbi àdúrà?"

Bàbá Ìjọ, tí mi ò rí eyín rẹ̀ rí, bú sẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà di ẹkún. Òun náà dọ̀bálẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Mà. Ojú ló tì wá."

Ìyá ní, "Ẹ mọ̀ pé mo wà láàyè, ẹ ò wá. Ọmọ yìí ló rò pé mo ti kú, òun ló kó yín wá."

Ó wá ní ká dìde. Ó ní ẹni tí wọ́n bá kéde ikú rẹ̀ tí kò kú, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn ni. Ara tù mí débi pé mo jẹ bísíkíìtì mẹ́fà láì mọ̀.

Ọdún mélòó kan ti kọjá. Mo ṣì fẹ́ràn bàbá àlùfáà ayé àtijọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ó máa ń wù mí kí n bi í pé mélòó nínú àwọn oníwà pẹ̀lẹ́ rẹ̀ ló ní ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò kọ ìtàn ẹnikẹ́ni mọ́ láì dé ilé rẹ̀. Bàbá Ìjọ ló ń fi ọkọ̀ gbé ìyá wá sí ìsìn báyìí, wọ́n sì máa ń jà lójú ọ̀nà. Tó bá ti ku ọ̀sẹ̀ kan sí Ọjọ́ Gbogbo Ẹni Mímọ́, fóònù mi á dún. "Ṣé orúkọ mi wà láàárín àwọn òkú ti ọdún yìí?"

"Kò sí níbẹ̀, Mà."

"O wò ó dáadáa?"

Mo mọ̀ dájú pé kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mo máa ń ṣí ìwé náà, mo máa ń wò ó.