Ọ̀bẹ Nínú Ikùn Àbíyè

Inú kì í tètè bí mi. Ẹni tó bá pẹ́ nídìí iṣẹ́ agbẹ̀bí ti gba èébú lẹ́nu aboyún, ó ti gbà á lẹ́nu ìyá ọkọ, ó sì ti gbà á lẹ́nu ọkọ tó ń rìn sókè sódò lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìrọbí. Gbogbo rẹ̀ là ń fi ẹ̀rín gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú kan fi ọ̀bẹ la ikùn Àbíyè níwájú mi, tí iyanrìn inú rẹ̀ ń dà sórí tábìlì, mo bínú. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ṣì ń bínú, n kò sì tíì rí ìdí kan tí mo fi gbọ́dọ̀ jáwọ́ níbẹ̀.

Àbíyè kì í ṣe èèyàn. Ọmọláńgidi aláṣọ ni, tí Màmá Sísítà fi ọwọ́ ara wọn rán láti ara aṣọ bẹ́ẹ̀dì àlòkù. Màmá Sísítà ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, ní ọsibítù ìjọ kan lágbègbè Òmù-Àrán. Ọmọ Àrán-Ọ̀rin ni wọ́n, wọ́n gùn, wọn kì í pariwo, ojú wọn nìkan sì tó láti mú kí nọ́ọ̀sì tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ jí. Wọ́n fi òwú àràbà kún apá àti ẹsẹ̀ Àbíyè, wọ́n da iyanrìn sí orí àti ikùn rẹ̀ kó lè wúwo bí ọmọ tuntun, wọ́n sì hun okùn pupa kan mọ́ ìdodo rẹ̀ pé ìwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Igbá kan tí wọ́n gé ìdí rẹ̀ dànù dúró fún egungun ìbàdí ìyá. Inú igbá yẹn ni Àbíyè ń gbà wá sáyé, láìmọye ìgbà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́, wọ́n gbé Àbíyè lé mi lọ́wọ́. Ọrùn ni mo dì mú. Ọwọ́ Màmá bà mí kí n tó mọ̀.

"Àbẹ̀kẹ́! Adìẹ ọdún Kérésì lo gbá mú ni?"

N kò tún di ọmọ mú lọ́rùn mọ́ láti ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ ti aṣọ, ì báà jẹ́ ti ẹran ara.

Ohun tí Àbíyè wúlò fún jù ni ohun tí à ń pè ní èjìká há. Orí ọmọ á ti jáde, gbogbo èèyàn á ti máa yọ̀, èjìká á wá kọ́ egungun ìyá, yóò sì kọ̀ láti kọjá. Agbẹ̀bí tí ẹ̀rù bá bà á á bẹ̀rẹ̀ sí í fa orí, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń kú tàbí kí apá rẹ̀ rọ. Ohun tó yẹ ni kéèyàn ti ọwọ́ wọlé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kó wá apá tó wà lẹ́yìn, kó sì rọra gbé e gba orí àyà ọmọ jáde. Ìwé lè ṣàlàyé rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n, ara Àbíyè sì ni ọwọ́ gbogbo wa ti mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àlùfáà ọmọ ìlú wa kan tó ń ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Sàró ránṣẹ́ sí Màmá, àwa méjèèjì ti fẹ̀yìn tì. Ó ní àwọn agbẹ̀bí abúlé tó wà lọ́dọ̀ òun kò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe sí èjìká há, àwọn ọmọ sì ń tibẹ̀ kú. Ó ní òun lè kó wọn jọ sí ọsibítù kékeré kan nínú oko fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ọ̀sẹ̀ náà bá ti parí, kálukú á padà, torí abúlé tó fi agbẹ̀bí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ́ jù ń fi ẹ̀mí aboyún wewu. Kò sí owó níbẹ̀. Iṣẹ́ àánú ni.

Màmá ní àwọn á lọ. "Ìrìn àjò tí mo máa rìn kẹ́yìn nìyí, Àbẹ̀kẹ́. Orúnkún mi ti bá mi sọ ọ́."

Ìjọ gbàdúrà fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ní Ọlọ́run á la ọ̀nà. Mo ṣe àmín tó rinlẹ̀. Ó dà bíi pé àmín náà kò dé etí àwọn tó ni ọkọ̀ òfuurufú.

Nítorí láti Èkó ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ wa kò ní lọ mọ́ lásìkò. Ó di ọ̀sán, wọ́n tún sún un. Ó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n tún sún un. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lo ọjọ́ kejì àti ìkẹta. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí. Ẹ̀rọ ìkéde ń kùn lókè, kò yé ẹnikẹ́ni, ọmọdébìnrin tó jókòó sídìí tábìlì sì ń tẹ fóònù rẹ̀ bí ẹni pé igi la jẹ́. Màmá wò ó títí.

"Bí aboyún bá bi wá bóyá ọmọ òun ṣì ń mí," ni wọ́n wí, "tí a wá dákẹ́ bí eléyìí ṣe dákẹ́ yìí, ṣé wọn ò ní fọ́ ọsibítù mọ́ wa lórí?"

Ìgbà tí a máa fi gúnlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè tí a ti máa wọ ọkọ̀ kejì, tí n kò ní dárúkọ rẹ̀ kí n má bàa fi ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan ba ìlú jẹ́, ọ̀sẹ̀ wa ti ń jò lọ. Ọkọ̀ kejì kò sì ní pẹ́ gbéra. Màmá ní àwọn fẹ́ tọ̀, kí n máa gbé báàgì méjèèjì lọ síwájú, àwọn ń bọ̀. Mo gbé wọn dé ibi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ẹrù. Ọkùnrin tó jókòó tì í rí orí, ó rí ìbàdí, ó rí okùn. Ó fò dìde.

"Kí lèyí?"

"Ọmọ tí a fi ń kọ́ agbẹ̀bí níṣẹ́ ni."

"Ta ló di báàgì yìí?"

"Àwọn ni."

"Àwọn ta?"

"Àwọn ni wọ́n ní kí n máa bá àwọn gbé e lọ. Wọ́n lọ tọ̀, wọ́n ń bọ̀."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Èèyàn mélòó ni wọ́n?"

"Èèyàn mélòó báwo? Àwọn nìkan ni!"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ó yé yín. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ àgbà. 'She' ló wà fún ìyá arúgbó, 'she' náà ló wà fún ọmọ ọwọ́. Ṣé kí n wá fi ẹnu mi sọ pé Màmá Sísítà, tó ju ìyá tó bí mi lọ lójú mi, "ó lọ tọ̀, ó ń bọ̀"? Ẹnu mi kò gbà á. 'They' ni mo ń pè wọ́n, bí mo ṣe ń pè wọ́n láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, 'they' sì ni ọkùnrin náà ń gbọ́. Èmi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, òun ń ka ọ̀daràn.

Ó pe àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ tí ó ń sọ pé àwọn kan ló fi obìnrin yìí kó nǹkan kọjá, pé wọ́n fara pa mọ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n lọ to ara wọn sẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Màmá yọ, àwọn àti ọ̀pá wọn. Àwọn ọkùnrin yẹn ṣì ń wo ẹ̀yìn wọn bóyá àwọn yòókù á jáde.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Màmá kí wọn.

Wọ́n bi wọ́n bóyá àwọn ló ni báàgì. Màmá ní àwọn ni. Wọ́n ṣàlàyé igbá, wọ́n ṣàlàyé okùn, wọ́n tilẹ̀ fi ọwọ́ ṣe bí ọmọ ṣe ń jáde.

"Kí ló wà nínú ikùn rẹ̀?"

"Iyanrìn."

"Iyanrìn! Ta ní ń gbé iyanrìn wọ ọkọ̀ òfuurufú?"

Ọkùnrin ìdí ẹ̀rọ yẹn fa ọ̀bẹ yọ. Màmá na ọwọ́ sí ẹ̀yìn Àbíyè, wọ́n fi kókó òwú hàn án. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, ibi tí mo rán an parí sí nìyí. Bí o bá tú kókó yìí, gbogbo rẹ̀ á ṣí fúnra rẹ̀. Má là á."

Ó gbọ́. Mo rí i pé ó gbọ́, nítorí ó wo kókó náà. Lẹ́yìn náà ló wá ti ọ̀bẹ bọ àyà Àbíyè, ó sì là á dé ìdí.

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn títí dòní. Bí wọ́n bá fẹ́ yẹ ẹrù wò, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n àgbà fi ọ̀nà hàn ọ́, ọ̀nà tí kò gba agbára kankan lọ́wọ́ rẹ, o sì wá yan ọ̀bẹ. Èyí kì í ṣe iṣẹ́. Ìwà ìkà ni, aṣọ iṣẹ́ kò sì sọ ọ́ di ohun mìíràn. Ó fi ìka tú iyanrìn náà, kò rí nǹkan kan, ó gbá a sínú ike ìdalẹ̀sí. Kò sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́". Ìgbà tó máa fi ní kí a máa lọ, ọkọ̀ wa ti fò.

Mo pariwo. Mo sọ Gẹ̀ẹ́sì tán, mo bọ́ sí Yorùbá, mo bọ́ sí Ìgbómìnà tó le jù. Màmá fà mí láṣọ.

"Àbẹ̀kẹ́, dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ là á kọ́kọ́ dá dúró. Ìbínú lè dúró dè ọ́."

Wọ́n tú gèlè orí wọn, wọ́n fi di ikùn Àbíyè gírígírí, bí a ṣe ń di ikùn ìyá ọlọ́mọ tuntun, wọ́n sì gbé e lé itan. Báyìí la jókòó sórí àga irin tí a ń retí ọkọ̀ mìíràn. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ilẹ̀ tún ṣú kí wọ́n tó rí àyè fún wa.

A dé Sàró. Láti pápákọ̀ wọn, ojú omi lèèyàn ń gbà wọ ìlú, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wa sì kú láàárín omi. Ẹ̀rín ni mo fi gbà á, ẹ̀rín tí kò dùn rárá. Ọ̀sẹ̀ ti ń parí. Lọ́kàn mi, mo ń rí àwọn obìnrin yẹn tí wọ́n ń di ẹrù wọn, mo sì ń rí ọmọ kan tí èjìká rẹ̀ máa há lábúlé kan, tí agbẹ̀bí á di orí rẹ̀ mú, tí á máa fà á. Lójú mi, ọ̀bẹ ọkùnrin yẹn ti dé ara ọmọ náà.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọ̀sẹ̀ la wọ ọsibítù náà. Àwọn kan ti lọ. Àwọn yòókù ti to ẹrù sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà ti ń tan ẹ̀rọ wọn. Àgbà wọn, obìnrin kúkurú kan tí wọ́n ń pè ní Àǹtí Fátù, wá pàdé wa. Ó rí gèlè, ó tú u, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ló ṣe ọmọ yìí báyìí?"

Màmá kò jókòó, wọn kò mu omi. Wọ́n béèrè abẹ́rẹ́ àti òwú tí a fi ń rán ojú ara ìyá tó bá ya nígbà ìbímọ. Wọ́n ní, "Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Èyí ti ya. Ẹ wá bá mi rán an."

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ki abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, Màmá ń wo ọwọ́ wọn, wọ́n ń ní kí ẹni tó fà á le jù tú u kó tún un rán. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bu iyanrìn wá láti àgbàlá ọsibítù. Iyanrìn pupa ni, ó wúwo ju tiwa lọ. Nígbà tí ikùn Àbíyè pa dé, igbá bọ́ sórí tábìlì, iṣẹ́ èjìká há sì bẹ̀rẹ̀. Àǹtí Fátù ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó di orí mú, ó fà. Ọwọ́ Màmá bà á.

"Adìẹ ọdún Kérésì lo gbá mú ni?"

Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè náà, kò sì sẹ́ni tí kò yé. Ẹ̀rín bú. Fátù tún un ṣe, ó rí apá ẹ̀yìn, ó gbé e gba orí àyà jáde, èjìká sì yọ. Ó kígbe bí ẹni tó gbẹ̀bí lóòótọ́. Àwọn tó ti gun ọ̀kadà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní kí àwọn ọlọ́kadà lọ kí wọ́n padà lọ́jọ́ kejì. Títí tí oòrùn fi wọ̀, kò sí ọwọ́ tí kò kọjá nínú igbá yẹn.

Nígbà tí a fẹ́ máa bọ̀, Màmá gbé Àbíyè fún Fátù. Mo ní, "Màmá, Àbíyè wa ńkọ́?"

"Iyanrìn ta ló wà nínú rẹ̀?"

Mo ki báàgì tó ṣófo sábẹ́ apá.

Ọ̀nà tí a gbà lọ náà la gbà padà, ọkùnrin ọlọ́bẹ yẹn ló sì wà nídìí ẹ̀rọ. Ó mọ̀ wá. Ó wo inú báàgì, ó rí i pé ó ṣófo, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọmọ yín dà?"

"Ó wà lọ́wọ́ wọn."

"Wọn ta?" Ó tọ́ka sí Màmá. "Àwọn yìí nìkan náà?"

"Rárá o," mo ní. "Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n pọ̀. Bí o bá fẹ́ mọ iye wọn, lọ sí Sàró kí o lọ kà wọ́n, kí o sì ka gbogbo ọmọ tí wọ́n máa gbẹ̀bí rẹ̀ mọ́ wọn. Àwọn tó ṣì wà nínú ikùn, n kò lè bá ọ kà."

Màmá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí a máa lọ, kí ọkọ̀ má bàa tún fi wá sílẹ̀.