Bàbá Ìyàwó Tí Kò Fọhùn

Ọjọ́ tí olùdarí eré wa kọ́kọ́ sọ fún mi pé ojú mi dára ni mo ti fura sí i. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí, títí kan ìyá tó bí mi. Àbàjà mi fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìpéǹpéjú mi òsì sì rọ̀ wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí mo bá ń wo oúnjẹ ara mi pàápàá, ẹni tó bá rí mi yóò rò pé oúnjẹ ẹlòmíràn ni mo ń wò. Ẹnu géètì ilé iṣẹ́ kan ní Wharf Road, níbi tí mo ti ń ṣe ọlọ́dẹ, ni ọkùnrin náà ti rí mi. Ó dúró, ó wò mí títí. Mo bi í pé kí ló ń wá. Ó ní òun ń wá olè. Mo ní kò sí olè níbí. Ó ní, "Bàbá, inú fíìmù ni o. Face yín ni mo fẹ́." Ìgbà yẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀, torí mo ti wá mọ ohun tó ń lé.

Fíìmù tí a ń ṣe ní Ajégúnlẹ̀ kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Fóònù ni wọ́n fi ń yà á, wọ́n á fi orin sí i, wọ́n á sì gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára. Ìdí tí olùdarí fi yọ ọ̀rọ̀ kúrò yé mi dáadáa. Nínú ilé tí mò ń gbé nìkan, Yorùbá wà níbẹ̀, Ìgbò wà níbẹ̀, Ìjọ́ wà níbẹ̀, ará Urhobo kan sì wà ní yàrá ẹ̀yìn tó jẹ́ pé Pidgin ló fi ń gbàdúrà. Èdè wo lèèyàn fẹ́ sọ tí ẹnì kan ò ní sọ pé wọ́n ti yọ òun sílẹ̀? Ojú nìkan ló kù tí gbogbo wa jọ gbọ́.

Mo ti ṣe olè, mo ti ṣe ajínigbé, mo ti ṣe ẹ̀ṣọ́ olówó, mo ti ṣe ìránṣẹ́ tó yadi, mo ti ṣe ayálégbé tó gba ojú fèrèsé sá fún onílé. Mo ti ṣe òkú náà, ìyẹn sì ni mo fẹ́ràn jù, torí wọ́n máa ń tẹ́ ẹní fún òkú. Kò sí ọ̀kan tí mo ti fọhùn nínú wọn. Bí mo bá bèèrè ọ̀rọ̀, olùdarí á ní, "Bàbá, ẹ má ṣe nǹkan kan. Ẹ kàn wò ó." Ohun kan wà tó máa ń yìn mí fún ṣá: ó ní ọwọ́ mi kì í gbọ̀n. Mo lè na ọwọ́ sí àpò ẹni ẹlẹ́ni níwájú kámẹ́rà kí ìka mi má mì rárá. Mo fura pé kò yẹ kí ọmọlúàbí máa gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbà á.

Òkìkí dé, ó sì mú tirẹ̀ dání. Ní ọjà Boundary, àwọn oníbúrẹ́dì á rí mi lókèèrè, wọ́n á fi ọ̀rá bo ọjà wọn, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. "Oga thief, how far?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá tán, mo máa ń wẹ̀yìn bóyá wọ́n ti ṣí ọ̀rá náà. Àwọn kan kì í ṣí i. Mo rojọ́ fún ìyàwó mi, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe? Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ jí ewúrẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa. Ilé ìtajà oògùn kan ní Àpápá ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kan ti kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ, ọ̀rọ̀ sì ti dé ibi ìwádìí. Àwa Yorùbá kì í fọmọ fúnni lójú lásán. Ìdílé kọ̀ọ̀kan á rán ẹnì kan lọ bèèrè lábẹ́lẹ̀, bóyá wèrè wà nínú ìran náà, bóyá àrùn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, bóyá olè. Ẹni tí wọ́n rán kì í sọ pé wọ́n rán òun. Lẹ́yìn ìwádìí yẹn, ọkùnrin náà ò pe ọmọ mi mọ́. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ọmọ mi ò sunkún lójú mi, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí n tó tún gbọ́ kó máa kọrin nígbà tó bá ń fọ abọ́. Mo mọ̀ nínú ara mi pé olè tí mò ń ṣe lórí fóònù ló lé ọkọ ọmọ mi lọ. Ó dùn mí dé egungun, n ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó wá mú òmíràn wálé, mo lajú sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Àpápá, onígbàgbọ́ ni, ó mọ ọmọ jẹ́. Bàtà rẹ̀ ló jẹ́ kí n fura. Àsìkò òjò ni, ẹrẹ̀ àdúgbò wa ń mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n bàtà tirẹ̀ ń dán gbinrin. Mo ní ẹni tí ẹrẹ̀ Ajégúnlẹ̀ ò lè tà sí lára, kí ló tún mọ̀ ọ́n ṣe? Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà." Mo mi orí. Ó tún wá, ó dọ̀bálẹ̀, mo mi orí. Bó ṣe ń wá náà ni mò ń mi orí. Ọmọ mi bínú.

"Daddy, ẹ bá a sọ̀rọ̀ now! Ẹ̀rù yín ti ń bà á."

Mo ní, "Mo ṣì ń wò ó."

"Ẹ máa wò ó, sà. Ṣùgbọ́n tí èyí náà bá lọ, mi ò ní mú ẹnì kankan wálé mọ́."

Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́. Ká ní ó pariwo ni, n ò bá má kà á sí.

Ọ̀sẹ̀ tí ìdílé ọkọ fẹ́ wá mọ̀ wá nílé ni obìnrin kan yà sí géètì mi. Ọ̀sán ni, àwọn tírélà ti tò dí Wharf Road, èéfín wọn gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n bá kọ̀nténà kan ní ọgbà kejì sí tiwa tí ẹnì kan ti já ohun tí wọ́n fi dè é, àwọn kan tí kò wọ aṣọ ọlọ́pàá sì ń fọ̀rọ̀ wá àwa ọlọ́dẹ lẹ́nu wò bí ẹni tó ń ṣàwàdà. Ní ọ̀nà wa yìí, bí àlejò bá ń bèèrè irú ẹni tí o jẹ́, nǹkan kan ti sọnù ni. Obìnrin náà wo ojú mi, ó wo fóònù rẹ̀, ó tún wo ojú mi.

"Bàbá, ẹ káàsán, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ máa ń ṣe olè nínú àwọn video tí wọn kì í ti í sọ̀rọ̀ yẹn?"

Mo ní ọ̀kan lára àwọn tó ń wádìí kọ̀nténà nìyí. Mo rántí ìránṣẹ́ tó yadi tí mo ti ṣe. Mo fi ìka kan etí, mo ju ọwọ́ nù, mo la ẹnu, mo ní, "Aa, aa."

"Ah. Ẹ ò gbọ́ràn ni? Ẹ lọ́mọ, sà?"

Ó fi ọwọ́ júwe ọmọ fún mi. Mo tọ́ka sí òkè, bí ẹni tó ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó sì gba àárín àwọn tírélà lọ, ó ń mi orí. Inú mi dùn débi pé mo rẹ́rìn-ín nìkan. Mo ní ká ní olùdarí wà níbẹ̀ ni, ì bá mọ irú ẹni tó wà lọ́wọ́ òun.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo jókòó sáàárín pálọ̀ wa pẹ̀lú agbádá. Ẹ̀gbọ́n mi ti wá láti ilé láti gbẹnu sọ fún wa. Bàbá ìyàwó kì í bá àna sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, kó má baà dà bí ẹni pé ó ń ta ọmọ rẹ̀. Àgbà ẹbí ló ń sọ ọ́. Mo ní ipò tó bá mi mu rèé. Ọmọ mi wà ní yàrá, lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń dúró kí wọ́n pe òun jáde. Àwọn àna wọlé, ọkùnrin wọn dọ̀bálẹ̀, obìnrin wọn kúnlẹ̀. Mo wo àwọn tó kúnlẹ̀, mo rí obìnrin tó wá sí géètì mi. Àbúrò bàbá ọkọ ni.

Òun náà rí mi, ó sì tẹjú mọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń kí wọn káàbọ̀, ó ń fi wá hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, mo mi orí. Bí obìnrin náà ṣe dìde nìyẹn.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú. Èmi ni wọ́n rán níṣẹ́ ìwádìí. Wọ́n ti sọ fún mi ní Boundary pé eré ni bàbá ń ṣe, wọn kì í ṣe olè. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo rí tí mi ò sọ nílé. Mo ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ ọ́ lónìí. Ẹ ò sì sọ ọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí nìyẹn, ìyá?"

"Bàbá ìyàwó yadi. Kì í ṣe nǹkan ìtìjú, but kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pa á mọ́? Tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ tí wọ́n máa bí ńkọ́?"

Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń bẹ̀rù olè, n ò mọ̀ pé odi ló máa mú mi. Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bí àwọn àna nínú. Ìyàwó mi pariwo, "Ọkọ mi? Ẹni tó ń bá rédíò jà!" Obìnrin náà ò yí ohùn padà.

"Ìyá ìyàwó, ta ni yóò pe ọjà ara rẹ̀ ní ọjà tó ti bàjẹ́? Gbogbo fíìmù wọn ni mo wò, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan. Mo bá wọn níbi iṣẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Ọmọ wa rèé, ẹ bi í bóyá ó ti gbọ́ ohùn wọn rí."

Gbogbo ojú kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ó wolẹ̀. Ó ní, "Rárá, mà. Mi ò gbọ́ ọ rí."

"Kí bàbá fi ẹnu ara wọn sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà wí.

Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ kan sọ níwájú àwùjọ. Mo ti múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, mo ti ń sọ ọ́ fún àwọn tírélà tó ń kọjá níwájú géètì mi. Gbogbo rẹ̀ fò lọ. Bí mo bá ní n kì í ṣe odi, wọ́n á ní kí ló dé tí mo ṣe odi. Bí mo bá dákẹ́, ọmọ mi gbé. Mo gbójú sókè, mo sì rí i pé ọmọ mi ti sún kọ́tìnì díẹ̀. Ojú rẹ̀ ọjọ́ tí fóònù ò dún mọ́ yẹn gan-an ni mo rí.

Mo pe oríkì rẹ̀. Oríkì tí ìyá mi fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí mo fi ń jí i lówùúrọ̀ nígbà tó wà ní jẹ́léósinmi, tí n ò pè é mọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo tún un pè. Ó dáhùn lẹ́yìn kọ́tìnì, "Sà!" Mo wá ń kì í, mo kì í dé ilé bàbá mi, mo kì í dé ilé ìyá mi. N ò mọ ìgbà tí omi bọ́ lójú mi.

Obìnrin náà ní, "Àṣé ẹ ń sọ̀rọ̀."

"Mò ń sọ̀rọ̀, mà. Mo rò pé ọlọ́pàá ni yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló bà mí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun ò rín. Ó ní, "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ṣe odi níwájú mi lọ́sàn-án gangan, tí mo fi káàánú rẹ̀ délé, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹkún yìí kì í ṣe eré?"

Ká sòótọ́, ká ní èmi ni òun, ohun tí n bá bèèrè nìyẹn. Mo fura sí ojú ara mi lọ́jọ́ náà. Ọmọ mi ló jáde, tí ẹnikẹ́ni ò tíì pè é, ó kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọwọ́ wọn. Nínú fíìmù, ọwọ́ wọn kì í gbọ̀n."

Gbogbo wọn wò ó. Èmi náà wò ó. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí orúnkún, wọ́n ń gbọ̀n bí ewé. Mo fẹ́ fi wọ́n pamọ́ sábẹ́ agbádá, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti dìde, ó ti kúnlẹ̀ tì mí, ó di wọ́n mú. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," bó ṣe sọ ọ́ ní géètì gan-an. Síbẹ̀, ọwọ́ mi ò yé gbọ̀n.

Wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ wa, a jẹun, a gbàdúrà tiwọn, a gbàdúrà tiwa. Nígbà tí wọ́n ń lọ, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wo ẹsẹ̀ ọkọ ọmọ mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó kó o sínú ọ̀rá kan, ó yọ sílípáàsì tí ẹrẹ̀ ti bò jáde, ó wọ̀ ọ́. Àṣé ẹnu ọ̀nà wa ló ti ń pààrọ̀ bàtà láti ọjọ́ yìí wá, kó má baà gbé ẹrẹ̀ wọ pálọ̀ mi.

Mo ní, "Rọra o. Gọ́tà wà níwájú níbẹ̀ yẹn."

Ó dúró, ó wo ẹnu mi. Ó ní, "Ẹ ṣé, Daddy."