Ẹ̀yìn Kóòtù Dúdú

Ó ti rẹ Bàbá Má-Mira. Ogójì ọdún ló fi ń pàṣẹ fún àwọn èèyàn níwájú kámẹ́rà pé kí wọ́n má mira. Ní báyìí, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ lè mira mọ́.

Kóòtù dúdú kan ṣoṣo ló fi ń sọ gbogbo oníbàárà di ọ̀gá. Ó ti la ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ó rán okùn mọ́ ọn, kí ó lè gba ẹni tó sanra àti ẹni tó rù. Kámẹ́rà kì í kúkú rí ẹ̀yìn. Bàbá Má-Mira kò sì tú àṣírí náà fún ẹnikẹ́ni rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkùnrin kan àti obìnrin kan wọ ilé fọ́tò rẹ̀ wá. Ọmọ ìyá ni wọ́n, síbẹ̀ ọkùnrin náà nìkan ló gba bẹ́ǹṣì, obìnrin náà dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin náà na fọ́tò kan sí Bàbá Má-Mira. Bàbá wọn tó ti kú ló wà níbẹ̀, ẹni tó fi orí ru ẹrù títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Ó gúnwà sórí àga nínú kóòtù dúdú, aago lọ́rùn ọwọ́, bàtà lẹ́sẹ̀, ọmọ kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ bá mi bi í," ọkùnrin náà ní. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni bàbá wa dákẹ́ sí. Èmi ni àkọ́bí. Níbo ló kó kóòtù yìí sí? Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń béèrè."

"Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí lólè," obìnrin náà dáhùn, omi lé ròrò sójú rẹ̀. "Mi ò fojú kan kóòtù kankan. Ẹ̀yin lẹ ya fọ́tò yìí, ẹ gbà mí."

Inú Bàbá Má-Mira bàjẹ́. Ó rántí aláàárù náà dáadáa. Aláàárù náà ti bẹ̀ ẹ́ nígbà náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ọmọ mi má gbọ́ bí wọ́n bá dàgbà o." Àṣírí òkú ni wọ́n ní kó tú yìí. Ṣùgbọ́n bí òun bá dákẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni wọn yóò máa pè lólè kiri.

Ó kérora dìde, ó yọ kóòtù náà lára ìṣó, ó sì yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wọn. Àwọn okùn náà ń fì dirodiro.

Ọkùnrin náà wo kóòtù náà, ó tún wo fọ́tò náà.

"Bàtà ńkọ́?" ọkùnrin náà béèrè.

"Tiwa ni."

"Aago?"

"Tiwa ni. Kò ṣiṣẹ́ rí."

Obìnrin náà nu ojú. "Kí wá ni ti bàbá wa nínú fọ́tò yìí, Bàbá?"

"Ẹ̀yin méjèèjì ni. Mo ní kí n yá yín ní bàtà, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bẹ́ ẹ ṣe rí gan-an ni kí n ṣe yà yín."

Ọkùnrin náà tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ lásán mẹ́rin inú fọ́tò náà fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, ó sún díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, àbúrò rẹ̀ sì wá jókòó tì í.