Àmì Ìbéèrè Tí Mùjídàt Kò Fi Sí I

Tẹ́lọ̀ ni Mùjídàt ní Takie, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó tún yá lórí fóònù. Kì í fi àmì kankan sí ohun tó bá tẹ̀ ránṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá mọ òun yóò lóye.

Lọ́jọ́ Àlàmísì kan, ó fi fóònù sí iná, ó ń ran bùbá oníbàárà. Nígbà tó fi máa mú un, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Kabir, ti pè é lẹ́ẹ̀méje láti Ọ̀yọ́. Kabir ló ń tọ́jú bàbá wọn, Nùrẹ́nì, arúgbó oníṣẹ́ awọ tí àìsàn ti dè mọ́lẹ̀ láti oṣù méjì. Mùjídàt pè é padà, kò wọlé. Ó ṣí gúrúùpù ẹbí lórí Wasáàpù, ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: "Baba ti ku".

Ìbéèrè ni. Ká ní ẹnu ló fi sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ìbá ti fi hàn. Ṣùgbọ́n fóònù kò ní ohùn, kò sì kọ "ṣé", bẹ́ẹ̀ ni kò fi àmì ìbéèrè sí i. Ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó wọkọ̀ Ọ̀yọ́.

Àkànjí, àbúrò bàbá wọn, ka ọ̀rọ̀ náà nínú ilé wọn l'Ọ́yọ̀ọ́. Ó mọ̀ pé Kabir ti gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù láàárọ̀, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé.

"Inna lillahi," ló wí, ó sì tẹ̀ ẹ́ sí gúrúùpù.

Mùsùlùmí kì í fi òkú falẹ̀. Ó gbé ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, ó pe ọkùnrin méjì mọ́ra, wọ́n gbẹ́ sàréè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Nírọ̀lẹ́, kẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró. Kabir sọ̀ kalẹ̀, ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Abẹ́rẹ́ ti mú kí ara tu arúgbó náà díẹ̀. Ó wo èrò, ó wo erùpẹ̀ pupa, ó wo ihò.

"Àkànjí, ta lẹ gbẹ́ èyí fún?"

Ìgbà yẹn ni Mùjídàt dé, tó ń sunkún bọ̀. Bó ṣe rí bàbá rẹ̀ lórí ìdúró, ó kúnlẹ̀ gbì.

"Ìbéèrè ni mo béèrè o, Bàbá! Mo gbàgbé àmì ni."

"Àmì wo?"

Kabir bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka yà á sórí erùpẹ̀ sàréè: ó tẹ̀ lórí bíi dòjé, ó sì ní kókó kékeré kan nísàlẹ̀. Bàbá wò ó pẹ́.

"Ohun kékeré báyìí."

Àwọn àgbà ilé ní àwọn kò ní dí sàréè lófìfo, kó má bàa wá ẹlòmíràn. Wọ́n gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, Àkànjí fúnra rẹ̀ ló wọ inú ihò lọ tẹ́ ẹ. Bó ṣe fẹ́ jáde, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú padà lé e lórí. Wọ́n fà á jáde. Ó rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni ara bàbá ti ń le sí i. Àkànjí ló ń rù. Ó ní gbogbo oúnjẹ ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́nu òun. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó jí, ó ní àyà ń dun òun. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti kú.

Ìtẹ́ òkú ìlú ni wọ́n sin ín sí. Kò sẹ́ni tó fẹ̀sùn kan Mùjídàt. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ kí Sìkírátù, opó Àkànjí, tó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, Màmá," obìnrin náà wò ó. Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Mùjídàt ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tó gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ yí.