Ìyá Tó Ń Tọ́jú Nọ́ńbà Wa

Àsìkò ìbò ni àsìkò wa ní Ṣómólú. Láti ìgbà tí ìjọba alágbádá ti padà dé, kò sí ìbò tí ilé ìtẹ̀wé tí mò ń bá ṣiṣẹ́ kì í tẹ pósítà fún. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọkùnrin méjì tó ń du ipò alága ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ló gbé iṣẹ́ wá bá wa, ẹnì kìíní kò sì mọ̀ nípa ẹnì kejì. Inú àkáǹtì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo kó pósítà àwọn méjèèjì sí, èmi nìkan sì ni alábòójútó rẹ̀. Ọ̀gá mi pè mí jókòó. Wọ́n ní bí ọ̀kan bá fi lè rí pósítà èkejì kó tó jáde, kí n máa gbé báàgì mi lọ sílé nìyẹn.

Wọ́n ti gbọ́ níbì kan pé páswọ́ọ̀dù nìkan kò tó mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ra fóònù kékeré kan, tí mo so ó mọ́ àkáǹtì náà: lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á tún béèrè nọ́ńbà mẹ́fà tó ń jáde lórí fóònù yẹn, nọ́ńbà náà á sì máa yí padà ní gbogbo ìdajì ìṣẹ́jú. Mo rò pé inú báàgì mi ni fóònù á máa gbé. Ọ̀gá mi gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e lọ sí àdúgbò Ladi-Lak, fún ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Onílẹ̀ ni ìdílé ọ̀gá mi. Nínú ìdílé yẹn, ohunkóhun tí kò gbọdọ̀ sọnù, ọ̀dọ̀ Ìyá ló ń lọ: rìsíìtì ilẹ̀ Abúlé Òkúta, ìwé ìdájọ́ kóòtù, kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn tó ti ròkè òkun tí wọn ò bọ̀ mọ́. Inú àpótí irin kan ni gbogbo rẹ̀ wà. Ìyá fi gèlè àtijọ́ wé fóònù wa, wọ́n tì í mọ́ àwọn ìwé ilẹ̀. Bí mo bá fẹ́ nọ́ńbà, àfi kí n pe Ìyá sórí fóònù tiwọn.

Ta ló máa pe ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún kó má kí i? Ìdajì ìṣẹ́jú ni nọ́ńbà ń lò láyé. Ìkíni Ìyá ń gbà tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọ́n á béèrè ìyá mi, wọ́n á béèrè ọmọ mi, wọ́n á béèrè bóyá wọ́n mú iná wá ní Ṣómólú. Wọ́n á wá kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á wá awò ojú. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀: "Irinwó ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́rin..." Kí n tó yọ mẹ́rin kúrò nínú ọgọ́rin, nọ́ńbà ti kú, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo máa ń pariwo sórí fóònù lójú gbogbo oníbàárà pé, "Ìyá, nọ́ńbà inú àpótí!" Inú máa ń bí mi débi pé n ò ní lè jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aṣojú ọ̀kan nínú àwọn olùdíje náà jókòó lé òkìtì bébà wa.

"Àǹtí, how far? Chairman máa dé Onípanu ní aago méjìlá o! Pósítà dà?"

Ẹ̀rọ ń béèrè nọ́ńbà. Mo pe Ìyá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè ka nọ́ńbà!" Wọ́n gé fóònù. Mo tún pè, wọ́n tún gé e. Nígbà tí mo pè lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti pa á pátápátá.

Ọ̀gá mi nu òógùn ojú. "Lọ gbà á wá. Sọ fún wọn pé wàhálà ẹ̀ ti pọ̀ jù fún wọn."

Inú mi dùn. Mo gbé láptọ́ọ̀pù há abíyá, mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo sì ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ pọ̀ lọ́nà: pé ọjọ́ ti lọ lórí Ìyá, pé nǹkan ayé òde òní ti kọjá agbára wọn.

Mo bá Ìyá lórí àpótí náà, wọ́n jókòó lé e.

"Ìwọ ta ni?" ni wọ́n bi mí, bí ẹni pé a ò rí ara wa rí.

"Èmi ni mà. Ti ilé ìtẹ̀wé."

"Ohun tí obìnrin àná náà wí nìyẹn. Ó pè mí, ó ní òun ni ìwọ, ó ní kí n tètè ka nọ́ńbà. Kò kí mi. Mo gé e. Lónìí, ẹnì kan tún pè, òun náà ò kí mi. Ìwọ tí mo mọ̀, o kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi kí o má béèrè orúnkún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ìwọ ni?"

N ò pè wọ́n lánàá. Ẹni tó bá sì ti dé ibi tí ẹ̀rọ ti ń béèrè nọ́ńbà, páswọ́ọ̀dù mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn: orúkọ ọmọ mi àti ọdún tí mo bí i, tí gbogbo àdúgbò mọ̀. Ibi tí nọ́ńbà wà, èmi fúnra mi ni mò ń kéde rẹ̀ láràárọ̀, nọ́ńbà fóònù Ìyá sì wà lára ògiri ilé ìtẹ̀wé. Ohun kan ṣoṣo tí olè náà kò ní ni sùúrù. Ojú tì mí gan-an, ó sì ku díẹ̀ kí n sunkún.

"Kí lo wá ṣe?" ni Ìyá bi mí.

N ò lè jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà."

"Olè náà lè wí bẹ́ẹ̀," ni Ìyá fèsì. "Kí mi dáadáa."

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí orúnkún ọ̀tún. Fóònù mi dún nínú báàgì. Ọ̀gá mi ni. N ò gbé e. A ò tíì dé orí orúnkún òsì.