Gbèsè Ilé Ẹjọ́ Àtijọ́

Fojú-Rí ni wọ́n ń pè é ní ọ́fíìsì, kì í sì í ṣe orúkọ àpọ́nlé. Oníṣirò owó ni, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ilé àtijọ́ tí ìjọba fi pamọ́ fún ìrántí. Lọ́dún tó kọ́kọ́ débẹ̀, wọ́n ní kó da ìròyìn owó ọdún tó kọjá kọ, kó yí déètì rẹ̀ padà, kó máa lọ sílé. Ìròyìn náà ní ibùdó rélùwéè àtijọ́ "wà ní ipò tó dára." Obìnrin yìí ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, ó lọ wò ó. Ẹnu ọ̀nà nìkan ló bá lórí ìdúró. Igi ti hù níbi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe rí i náà ló ṣe kọ ọ́: "Ẹnu ọ̀nà kan. Kò sí ilé." Ọ̀gá ìgbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ilé tí yóò kọ sínú ìwé láìjẹ́ pé ó gun òrùlé rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ó ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Iṣẹ́ náà ní ìlànà tirẹ̀. Wọn kì í kọ iye owó sí ilé ìrántí lára, torí kò sẹ́ni tó lè dá owó lé ohun tí ìjọba kò ní tà láé. Bí àwọn ilé náà ṣe pọ̀ tó àti ipò tí wọ́n wà ni wọ́n ń kọ. Ṣùgbọ́n bí ilé bá mú ìnáwó wá, tí òfin sì sọ ìnáwó náà di dandan, gbèsè nìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ fara hàn láàárín àwọn gbèsè ìjọba.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ilé ẹjọ́ àtijọ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Wọn kì í dájọ́ níbẹ̀ mọ́. Àwọn akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ ló ń lò ó. Nígbà tí Fojú-Rí gbé àkàbà wọ yàrá ńlá, ó bá akọ̀wé obìnrin kan tó ń fi aṣọ nu nǹkan funfun kúrò lórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí lẹ ń nù yẹn?"

"Ìyẹ̀fun ìjọba ni, àbúrò. Àràárọ̀ ló ń rọ̀ lé wa lórí, ọ̀fẹ́ sì ni."

Akọ̀wé bú sẹ́rìn-ín, ikọ́ sì gba ẹ̀rín náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Àsíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kan àjà ilé náà, ó sì ti ń fọ́. Eruku rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́; ìdí nìyẹn tí òfin tuntun fi ní kí ìjọba tú irú àjà bẹ́ẹ̀ kúrò nínú gbogbo ilé tó jẹ́ tirẹ̀. Fojú-Rí ní kí àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ṣírò ohun tí yóò náni. Owó náà ga ju òrùlé lọ. Ó kọ ọ́ sínú ìròyìn, kò yọ kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pè é. Ọlọ́yàyà ènìyàn ni ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń yá ìjọba lówó ń bọ̀ wá ka ìròyìn ọ̀hún, kò sì fẹ́ kí ojú wọn korò.

"Màdámù, ẹ jókòó. Ilé ẹjọ́ yìí, èló la kọ pé ó tó?"

"A ò kọ iye kankan, sà."

"Ẹ ṣeun. Ohun tí kò ní iye, báwo ló ṣe wá jẹ gbèsè? Ẹ yọ ọ́."

"Sà, bàbá wa àgbà ò ṣe é tà lọ́jà. Ṣé torí ìyẹn ni oníkẹ́míìsì ò ṣe ní gba owó oògùn tí bàbá lò?"

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín dénú. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹ̀rín mì. "Ẹ gbọ́n. Lẹ́tà ipò igbákejì mi wà nínú dúrọ́ọ̀ yìí, orúkọ yín ló wà lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n kọ òmíràn."

Ọkọ Fojú-Rí, télọ̀ tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú ilé wọn, ń kan bọ́tìnì nígbà tó ròyìn fún un.

"Sún un sí ọdún tó ń bọ̀, Màmá wa. Ṣé ilé ẹjọ́ ń sá lọ ni?"

"Àjà yẹn ò dúró de ọdún kankan. Bí kò bá sí nínú ìwé, wọn ò ní ya owó sọ́tọ̀ fún un. Bí kò bá sówó, ta ló máa tú u?"

"Òrùlé tiwa náà ń jò o. Owó igbákejì ọ̀gá yẹn ni mo fẹ́ fi ra páànù."

"Mo mọ̀."

Ọkọ wojú rẹ̀, ó rí i pé ó ti yarí kanlẹ̀. Ó fi eyín já òwú. "Ó dáa. Garawa ò wọ́n jù."

Nígbà tí ọjọ́ àtifọwọ́ sí ìròyìn pé, gbogbo olórí ẹ̀ka jókòó yí tábìlì gígùn ká. Fojú-Rí ṣí ojú ewé gbèsè, ó wá owó ilé ẹjọ́ tì. Ó ṣí ibi àlàyé, ó kà á: "Ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà ní ipò tó dára." Ó dé bíírò rẹ̀.

"Sà, mi ò lè fọwọ́ sí i."

"Kí ló dé?"

"Mo dé òkè ilé yẹn. Ẹ̀yin ò débẹ̀."

Olórí ẹ̀ka kan tẹjú mọ́ ìwé tó dorí kodò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìwọ nìkan kọ́ ni oníṣirò owó!" Ọ̀gá àgbà ti gbàgbé "ẹ̀yin" tó fi ń bá a sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ pe ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n òfin ní bí mi ò bá fọwọ́ sí i, kí n kọ ìdí rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ́dítọ̀. Màá kọ ọ́. Màá dárúkọ gbogbo akọ̀wé tó ń mí eruku yẹn sínú."

"Ṣé o mọ ohun tí ò ń sọ nù?"

"Lẹ́tà inú dúrọ́ọ̀ ni, sà. Kì í ṣe ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni."

Ọ̀gá àgbà tẹ orí bíírò tirẹ̀ títí, bí ẹni ń wọ̀n ọ́n bóyá àwọn tó ń yáni lówó ló yẹ kó bẹ̀rù jù tàbí àwọn ọ́dítọ̀. Níkẹyìn ó kọjú sí ataípù tó jókòó sí igun yàrá. "Dá owó náà padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí o sì tún àlàyé rẹ̀ kọ."

Fojú-Rí dúró títí wọ́n fi tún un tẹ̀. Ó fi ìka tẹ̀ lé nọ́ńbà owó náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún àlàyé kà, kó tó fọwọ́ sí i.

Nígbà tí lẹ́tà igbákejì jáde, orúkọ ẹlòmíràn ló wà lórí rẹ̀. Fojú-Rí lọ kí ẹni náà kú oríire, tọkàntọkàn. Láti ibẹ̀ ló gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ, ó kan ilẹ̀kùn.

"Kí lẹ tún ń wá?"

"Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ló kàn, sà. Ẹ bá mi fọwọ́ sí mọ́tò tó máa gbé àkàbà."

"Kò sí mọ́tò."

"Kò burú, sà. Àkàbà ti wà kí mọ́tò tó dé ayé."

Ó ṣí gèlè, ó fi ṣe òṣùká, ó sì gbé àkàbà náà rù gba àárín ọgbà ọ́fíìsì kọjá, lábẹ́ fèrèsé ọ̀gá àgbà.